Ẹ Má Fọwọ́ Pa Àwòrán Ara Òkúta Twyfelfontein

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Àwọn òǹkàwé yín tó ń gbèrò láti wá wo àwòrán ara òkúta ní Twyfelfontein, ní àríwá-ìwọ̀-oòrùn Namibia, ni mo ń kọ̀wé sí. /Ui-//aes ni àwọn Damara ń pe ibẹ̀. Ní 2007, ó di ibi àkọ́kọ́ ní Namibia tí UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé. Ó ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ àlejò ń dé ibẹ̀ lọ́sàn-án gangan, wọn a sáré ya fọ́tò, wọn a sì lọ láìrí nǹkan kan. Àwọn mìíràn ń ba ohun tí wọ́n wá wò jẹ́.

Àwọn ọdẹ San ló gbẹ́ àwọn àwòrán náà, wọ́n lé ní 2,000. Omi ló fà wọ́n síbẹ̀. Òkúta oníyanrìn tó wà lókè ń mu òjò, òkúta amọ̀ abẹ́ rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí omi kọjá, ni ìsun fi ń yọ níbi tí méjèèjì ti pàdé. Òkúta amọ̀ yìí kò le, ó ń jẹrà, èyí ló ń mú kí àpáta ńláńlá já láti òkè. Ojú pẹlẹbẹ àwọn àpáta wọ̀nyí ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́.

Òkúta tó bá pẹ́ nínú oòrùn aṣálẹ̀ máa ń ní awọ fẹ́lẹ́ kan lójú, tó pọ́n dúdú. Awọ yìí ni àwọn ọdẹ náà fi òkúta líle gún títí inú rẹ̀ tó mọ́ fi yọ. Kò nípọn rárá, bẹ́ẹ̀ ó pẹ́ gan-an kí òmíràn tó bò ó. Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fọwọ́ pa á, nítorí òógùn àti ọ̀rá ọwọ́ ń wọ inú òkúta. Ẹ má bu omi sí i kí fọ́tò lè hàn. Omi ń tú iyọ̀ inú òkúta, bó bá sì ti ń gbẹ, iyọ̀ náà á jáde, á máa ṣí ojú òkúta ní ìpẹ́pẹ́. Ẹ má fi ẹfun tọ ìlà rẹ̀, ẹ má sì tẹ òkúta tó ní àwòrán mọ́lẹ̀.

Oòrùn nìkan ló yẹ kó fi í hàn yín. Láàárọ̀ tàbí ní ìrọ̀lẹ́, ìmọ́lẹ̀ ń ti ẹ̀gbẹ́ wá, gbogbo ibi tí wọ́n gbẹ́ a sì ní òjìji. Lọ́sàn-án gangan, òjìji kò sí, àgùnfọn tó hàn kedere láàárọ̀ a pòórá mọ́ ojú òkúta.

Ẹ kò lè dá rìn níbẹ̀, afinimọ̀nà ló ń mú èèyàn yípo. Ẹ ní kó mú yín dé ibi àwòrán kìnnìún kan tí wọ́n ń pè ní Lion Man (Kìnnìún Ènìyàn). Ọmọ ìka márùn-ún ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ mẹ́rin ni ojú ẹsẹ̀ kìnnìún máa ń fi hàn nílẹ̀. Àwọn onímọ̀ gbà pé oníṣègùn tó ń yí padà di kìnnìún ni wọ́n gbẹ́. Ẹran inú òkun tún wà lára òkúta kan, ibẹ̀ sì lé ní 100 kìlómítà sí etíkun! Èyí nìkan tó ohun tí èèyàn ń dúró wò, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kán yín lójú.

Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í sì í yọ̀. Lítà omi méjì ni kí ẹnì kan mú rìn. Ẹ má ki ọwọ́ bọ pàlàpálá òkúta, torí ejò àti àkeekèé.

Ọ̀nà ló ń ṣe àlejò léṣe jù. Ọwọ́ òsì ni ọkọ̀ ń gbà ní Namibia. Ẹ rọ epo kún ní ìlú Khorixas, nítorí ọ̀nà òkúta wẹ́wẹ́ ló kù láti ibẹ̀. Táyà tó le ju bó ṣe yẹ ń tètè bẹ́ níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n dín afẹ́fẹ́ rẹ̀ kù díẹ̀, kí ẹ sì ní sípéà méjì, jáàkì àti sípánà. Ẹ má sáré ju 80 kìlómítà ní wákàtí kan. Bí ọkọ̀ bá ń yọ̀, ẹ má tẹ búrèkì lójijì. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tùù tí a ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré, kí ẹ di ìtọ́kọ̀ mú. Títẹ búrèkì lójijì ló ń dojú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ délẹ̀. Lákòókò òjò, láti oṣù kìíní sí ìkẹrin, odò Aba-Huab tó máa ń gbẹ lè kún lẹ́ẹ̀kan náà. Bí omi bá ń ṣàn lójú ọ̀nà, ẹ dúró kó fà.

Ẹni tó bá fẹ́ ìmọ́lẹ̀ àárọ̀, kó sùn nítòsí lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Kó má ṣe wakọ̀ lóru, ẹranko ń sọdá lójijì.

Òǹkàwé yín,
Windhoek.