Lẹ́tà sí Àjọkẹ́ láti Seibersdorf

Àjọkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ìwọ àti àwọn ọmọ. Òtútù ilẹ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ gé mi létí, ṣùgbọ́n ara le. Mo ti dé Seibersdorf, abúlé kan ní Ọ́stríà tí kò ju nǹkan bí 30 kìlómítà sí Vienna. Ibẹ̀ ni IAEA, àjọ àgbáyé tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ átọ́míìkì, kọ́ ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ni bí a ṣe ń dáàbò bo àwọn nǹkan olóró tó ń tú ìtànṣán tó lè pani jáde, kí wọ́n má bọ́ sọ́wọ́ olè. Ọdún 2021 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀ náà, wọ́n sì ṣí i ní oṣù Kẹwàá 2023. Bí ọ̀wẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ọ: Saudi Arabia dá owó ńlá, àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn náà sì dá tiwọn, owó ni, ẹ̀rọ ni.

O rántí yàrá ẹ̀yìn tí mo máa ń sọ fún ọ, ní ilé ìwòsàn wa? Ẹ̀rọ àtijọ́ tí wọ́n fi ń tọ́jú àrùn jẹjẹrẹ ṣì wà níbẹ̀, kóbáltì, ọ̀kan nínú àwọn nǹkan olóró yẹn, ṣì wà nínú rẹ̀. Àgádágodo kan ṣoṣo ló ń ṣọ́ ọ. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà, ó ti dípatà débi pé mo ní láti ta epo sí i kó tó yí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá, kò sí èsì. Àwọn tó ń ra irin àlòkù sì ń ti ọmọlanke wọn kọjá lẹ́yìn ọgbà lójoojúmọ́.

Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ló da ìlú Goiânia rú, ní Brazil níbi tí o wà yẹn, lọ́dún 1987. Ilé ìwòsàn kan kó kúrò, ó fi ẹ̀rọ sílẹ̀. Àwọn ọkùnrin méjì tú u, wọ́n tà á fún oníirin àlòkù. Ìyẹ̀fun inú rẹ̀ ń tàn búlúù lóru, ó wu gbogbo ènìyàn, wọ́n ń pín in bí ẹ̀bùn. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún 6 kan fi pa ara, ó sì fi ọwọ́ yẹn jẹun. Ó wà lára àwọn 4 tó kú. Àwọn ènìyàn bí 112,000 ni wọ́n yẹ̀ wò. Gbogbo ìgbà tí mo bá di kọ́kọ́rọ́ mi mú, ọmọ yẹn ni mo máa ń rí.

Ó sì ti kàn wá rí. Ní oṣù Kejìlá 2002 ni wọ́n jí nǹkan olóró tí àwọn oníṣẹ́ epo rọ̀bì ń lò nínú kànga, ní Niger Delta. Àárín irin àlòkù ní Jámánì ni wọ́n ti rí i lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ka owó tí wọ́n dá yìí sí ìtọrẹ àánú. Ilé ara wọn ni wọ́n ń ṣọ́ láti ẹnu ọ̀nà tiwa.

Lánàá, wọ́n fi ẹ̀rọ kan tí kò ju ọwọ́ lọ, tó ń ké bí ìtànṣán bá wà nítòsí, lé mi lọ́wọ́, pé kí n wá ohun olóró tí wọ́n fi pamọ́ sínú ọkọ̀. Bí mo ṣe ń sún mọ́ ọn ni igbe ẹ̀rọ náà ń yá: kẹ́, kẹ́, kẹ́kẹ́kẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú wa dé ẹnu ilẹ̀kùn kan tó ní kámẹ́rà àti aláàmù. Olùkọ́ wa bi wá pé kí ni irin líle máa ṣe bí ẹnikẹ́ni ò bá mọ̀ pé wọ́n ń gé e? Ó ní ìṣẹ́jú tí ilẹ̀kùn fi máa dá olè dúró lẹ́yìn tí aláàmù bá ti ké gbọ́dọ̀ ju ìṣẹ́jú tí ọlọ́pàá fi máa dé. Àjọkẹ́, àyà mi là gààrà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n máa fi òòlù lu àgádágodo tèmi.

Bí mo bá délé, n ó gbé aago dání, n ó rìn láti àgọ́ ọlọ́pàá dé ẹnu yàrá yẹn, n ó ka ìṣẹ́jú rẹ̀. Inú lẹ́tà kẹrin ni n ó kọ ọ́ sí. Bá mi kí àwọn ọmọ, kí o sì tètè fèsì.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àbẹ̀kẹ́