Lẹ́tà sí olóòtú: Ẹ má fi oògùn olóró bo iṣẹ́ àwọn híípì mọ́lẹ̀

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú làálàá. Àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lórí àwọn híípì, àwọn ọ̀dọ́ òkè òkun ayé ọdún 1960 tó kọ ogun tó sì yan ìgbé ayé tó wù wọ́n, ló mú mi kọ lẹ́tà yìí. Ẹni tó kọ ọ́ ní oògùn olóró àti ìwà ọ̀lẹ ni gbogbo ogún tí wọ́n fi sílẹ̀, pé kò sí iṣẹ́ ọwọ́ wọn kan tí a lè nàka sí lónìí. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an, torí ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ orin ẹnìkan tí ìran yẹn bí, tí mo sì ń rí ogún wọn lọ́wọ́ rẹ̀ kedere.

Jeffrey Lewis lorúkọ rẹ̀. Ọdún 1975 ni wọ́n bí i ní New York, àdúgbò Lower East Side ló sì gbé dàgbà. Ẹ kò ní tètè gbọ́ ọ lórí rédíò. Gìtá tí kì í lo iná mànàmáná ló fi ń kọrin, ohùn rẹ̀ kò dán, ọ̀rọ̀ ló kún ẹnu rẹ̀: á máa rò, á máa yára, á máa sọ ẹ̀rù tó ń bà á àti owó ilé tí kò rí san láìfi bò. Ohun èlò àwọn olórin ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà ló ń lò, ṣùgbọ́n ìgboyà àwọn ọmọ pọ́ńkì, àwọn olórin aláriwo tí kì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, ló fi ń lò ó, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe orin rẹ̀ ní pọ́ńkì-fóòkù. Ayàwòrán ni pẹ̀lú. Ó ní ìwé aláwòrán kan tó ń jẹ́ Fuff, òun ló ń yà á, òun ló ń kọ ọ́, òun náà ló sì ń tà á fún àwọn tó bá wá gbọ́ orin rẹ̀. Ilé ọtí kan ní East Village, Sidewalk Cafe, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè forúkọ sílẹ̀ lálẹ́ nígbà náà kó sì gorí ìtàgé, ni àwọn ènìyàn ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.

Kí n tó lọ jìnnà, n kò gbè lẹ́yìn oògùn o. Jeffrey Lewis pàápàá kò gbè é. Àwo orin rẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ Rough Trade ti London gbé jáde lọ́dún 2001, orúkọ tó fún un ń kéde fún gbogbo ayé pé ìgbà tí òun lo LSD, oògùn olóró tó ń mú ènìyàn rí ohun tí kò sí, kẹ́yìn, orí òun dàrú. Ẹni tó ń polówó oògùn kò ní kọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀yìn àwo. Àwọn híípì fúnra wọn sì rí jàǹbá náà nígbà tó ń ṣẹlẹ̀. Ní San Francisco, lọ́dún 1967 tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń rọ́ wá sí àdúgbò Haight-Ashbury, dókítà ọ̀dọ́ kan, David Smith, ṣí ilé ìwòsàn ọ̀fẹ́ síbẹ̀ ní oṣù kẹfà, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí oògùn ti dà lórí rú láìgba kọ́bọ̀. Ṣáájú ìyẹn, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Diggers ti ń se oúnjẹ ní gbangba fún ẹnikẹ́ni tí ebi bá ń pa, wọ́n sì ṣí ilé ìtajà tí ohun gbogbo inú rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́. Ṣé ìwà ọ̀lẹ nìyẹn?

Àmọ́ ti Lower East Side ni mo fẹ́ sọ jù, torí ibẹ̀ ni ẹ ti lè rí bí ogún ṣe ń ti ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Lọ́dún 1952, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Harry Smith ṣa orin 84 jọ láti inú àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ tí ayé ti ń gbàgbé, orin àwọn àgbẹ̀, àwọn oníwàásù, àwọn aláwọ̀ dúdú àti funfun ìgbèríko Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ Folkways sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Àwọn ọ̀dọ́ gbọ́ ọ, orí wọn wú. Lára wọn ni Peter Stampfel, tí òun àti Steve Weber dá ẹgbẹ́ Holy Modal Rounders sílẹ̀ lọ́dún 1963. Wọ́n mú orin àwọn baba ńlá, wọ́n yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà bó ṣe wù wọ́n. Inú àwo wọn àkọ́kọ́, lọ́dún 1964, ni àwọn onímọ̀ orin gbà pé wọ́n ti kọ́kọ́ dárúkọ psychedelic, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ohun tí irú oògùn bí LSD ń fi han ènìyàn, nínú orin ìgbàlódé. Ẹ ò rí i pé inú orin àtijọ́ ni ọ̀rọ̀ tuntun náà ti yọjú.

Lẹ́yìn wọn ni ẹgbẹ́ olórin The Fugs. Akéwì ni Ed Sanders àti Tuli Kupferberg tí wọ́n dá a sílẹ̀, wọn kì í ṣe olórin rárá. Sanders ní ilé ìtàwé kan tó ń jẹ́ Peace Eye, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹran tẹ́lẹ̀ ni. Kupferberg, tí wọ́n bí lọ́dún 1923, ti lé ní ogójì ọdún nígbà náà, ó sì ti ń tẹ àwọn ìwé pélébé-pélébé fúnra rẹ̀, tó ń kiri wọn tà ní ìgboro. Wọn kò mọ gìtá ta dáadáa. Wọ́n kọrin lòdì sí ogun Vietnam bó ti rí lára wọn, Harry Smith tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan sì ni ó bójú tó gbígba orin wọn àkọ́kọ́ sílẹ̀ lọ́dún 1965. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 1967, nígbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn yan lọ sí Pentagon, olú ilé-iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, orí ọkọ̀ akẹ́rù ni The Fugs dúró sí, tí wọ́n ń pàṣẹ kí ẹ̀mí burúkú jáde kúrò nínú ilé náà. Ẹni tó bá wù lè rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín o, torí ọ̀dọ́ ń kú lójú ogun lọ́jọ́ náà.

Ta ló ń sọ ìtàn wọ̀nyí fún àwọn ọmọ òde òní? Jeffrey Lewis ni. Ó ní orin gígùn kan tó fi to ìtàn pọ́ńkì àdúgbò rẹ̀ láti ọdún 1950 dé 1975, láti orí Harry Smith títí dé orí àwọn tí gbogbo ayé mọ̀. Bí akíjàálá ṣe ń dárúkọ àwọn ọdẹ tó ti lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń sọ igbó tí oníkálukú dẹ, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń dárúkọ wọn. Ó tún ní àwọn ìtàn mìíràn tó yà sínú ìwé ńlá, tí yóò máa ṣí ojú ewé kọ̀ọ̀kan fún àwọn èrò bó ṣe ń kọrin lọ. Orúkọ nìkan kọ́ ló sì ń dá. Ó wá Stampfel rí, ẹni tí wọ́n bí lọ́dún 1938, àwọn méjèèjì jọ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì gbé àwo jáde lọ́dún 2011 àti 2013. Kupferberg kú lọ́dún 2010. Lọ́dún 2018, Lewis gbé odidi àwo kan jáde tó jẹ́ kìkì iṣẹ́ Kupferberg. Mélòó nínú àwọn ọ̀dọ́ olórin ló ń ṣe irú èyí fún àgbà tí kò lówó, tí kò sì gbajúmọ̀?

Òǹkọ̀wé yín tún ní àwọn pọ́ńkì ló pa àwọn híípì rẹ́ lọ́dún 1977. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo Crass, ẹgbẹ́ olórin pọ́ńkì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún 1967, ní àkókò híípì gan-an, Penny Rimbaud, tó wá di onílù ẹgbẹ́ náà, gba ilé àgbẹ̀ kan ní Essex, Dial House, ó sì ṣílẹ̀kùn rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọlé. Ọ̀dọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Wally Hope wà lára àwọn tó ń wá síbẹ̀, òun àti Rimbaud sì wà lára àwọn tó dá àjọ̀dún orin ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní Stonehenge lọ́dún 1974. Lọ́dún 1975, ọlọ́pàá mú Wally Hope nítorí LSD. Ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ni wọ́n tì í mọ́, oògùn líle ni wọ́n ń fún un níbẹ̀, ìgbà tó sì máa jáde, kì í ṣe ènìyàn tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ̀ ni ó padà wá. Ó kú lọ́dún kan náà. Ìbínú ikú rẹ̀ wà lára ohun tó bí Crass lọ́dún 1977, inú ilé kan náà yẹn sì ni wọ́n gbé, tí wọ́n ń gbin oúnjẹ wọn, tí wọ́n ń ṣètò àwo wọn. Wọ́n máa ń tẹ iye owó sí ara àwo kí oníṣòwò má baà fi rẹ́ ará ìlú jẹ. Píńsì 45 ni wọ́n kọ sára ọ̀kan, wọn kò ṣírò owó orí ọjà mọ́ ọn, wọ́n sì pàdánù owó lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n tà.

Lọ́dún 2007, Jeffrey Lewis mú orin Crass méjìlá, ó bọ́ ariwo kúrò lára wọn, ó fi gìtá àti ohùn jẹ́jẹ́ kọ wọ́n. Ìgbà yẹn ni èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ inú wọn yékéyéké. Ilé híípì bí pọ́ńkì, pọ́ńkì padà di orin tí ènìyàn kan lè jókòó kọ sínú pálọ̀.

Èkó pàápàá gba tirẹ̀ nínú ìgbì náà. Ginger Baker, onílù Cream, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá síbí, ó bá Fela lu ìlù, ó sì kọ́ ilé ìgbohùnsílẹ̀ sí Èkó. Berkley Jones, Laolu Akins àti Mike Odumosu fi ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ wọn dá ẹgbẹ́ BLO sílẹ̀, àwo wọn àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1973, ariwo gìtá inú rẹ̀ kò kéré sí ti ẹnikẹ́ni lókè òkun. Lónìí, àwọn ilé-iṣẹ́ agbáwojáde òkè òkun ló ń kó orin wọn jọ tẹ̀ jáde. Ọmọ ogún ọdún ní Súrùlérè kò mọ̀ wọ́n.

Nítorí náà, Olóòtú mi, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Ojú ìwé tí ẹ fún òǹkọ̀wé yẹn, ẹ fún àwọn olórin wọ̀nyí náà. Ẹ rán akọ̀ròyìn yín lọ bá àwọn tó ṣì wà láàyè lára àwọn tó ta gìtá nílé ijó Èkó ní àwọn ọdún 1970, kó bi wọ́n pé ta ló rà gìtá fún wọn, ibo ni wọ́n ti ń kọ́ orin, èló ni ilé-iṣẹ́ agbáwojáde san fún wọn, ibo ni àwọn téèpù náà wà. Kó béèrè àwòrán lọ́wọ́ wọn. Èmi á máa rà á ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Èmi ni òǹkàwé yín tòótọ́,
Mókọ́lá, Ìbàdàn