Lẹ́tà sí Àjàní lórí oorun, oúnjẹ àti ẹ̀kọ́ ìṣègùn

Ọ̀fà,
Ìpínlẹ̀ Kwara.

Àjàní, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

O kú iṣẹ́ ìwé. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà nílé. Nígbà tí o wá kí wa gbẹ̀yìn, mo rí i pé ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n bí o ti di ife ẹ̀kọ mú, ojú rẹ pọ́n, o sì da ibuprofen méjì sẹ́nu láìtíì jẹun nítorí pé orí ń fọ́ ọ. N kò fẹ́ bá ọ sọ ọ́ lójú àwọn àbúrò rẹ, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀wé yìí.

Oorun ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mẹ́nu bà, nítorí òun ni ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn fi ń du ara yín jù. Ojú oorun ni ọpọlọ ti ń to ohun tí a kà jọ, tí ó ń fi í pamọ́. Ẹni tí ó bá fi gbogbo òru kàwé láìsùn, púpọ̀ nínú ohun tí ó kà ni kò ní bá a dé gbọ̀ngàn ìdánwò. Ó kéré tán, wákàtí 7 ni àgbàlagbà nílò lóru. Àwọn ohun mímu inú agolo tí ẹ ń rà ní Tanke nílùú Ìlọrin láti fi lé oorun lọ, kò lé e lọ rárá. Gbèsè oorun náà ṣì wà lọ́rùn yín. Bí o bá mu ún ní agogo 10 alẹ́, nǹkan bí ìdajì kaféènì, èròjà inú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn, ṣì lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ ní agogo 3 òru. Òun náà ló ń mú àyà já, tí ó ń mú ọwọ́ gbọ̀n. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fi oògùn kankan lọ̀ ọ́ pé kí o fi ṣọ́ òru, jọ̀wọ́, má ṣe gbà á.

Àwọn aládùúgbò wa gbà pé ebi ló ń fa ọgbẹ́ inú. Èmi tí mo ṣe nọ́ọ̀sì títí mo fi fẹ̀yìn tì mọ̀ pé kòkòrò Helicobacter pylori àti irú oògùn bí ibuprofen tí o gbé mì yẹn ló sábà máa ń fà á. Kí ló dé tí ìwọ, tí wọ́n ń kọ́ ní nǹkan wọ̀nyí, yóò máa lò ó bí ẹni jẹ ẹ̀pà, fún orí fífọ́ tí omi àti oorun lè wò?

Wàhálà ìdánwò ọjọ́ kan kì í pa ènìyàn lára. Èyí tí ó bá ń bá ni sùn tí ó ń bá ni jí fún oṣù púpọ̀ ni mo ń bẹ̀rù, nítorí pé cortisol, èròjà tí ara ń tú jáde nígbà wàhálà, tí kò bá lọ sílẹ̀ lásìkò a máa dín agbára tí ara fi ń bá àìsàn jà kù, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ náà a sì máa gòkè. Ẹ tún wá ń fi nudù oníyọ̀ kún un láàárọ̀ lálẹ́, bẹ́ẹ̀ iyọ̀ àgbàlagbà kò yẹ kó tó gíráàmù 5 lójúmọ́. Wàrà kò wọ́n nílùú Ìlọrin. Se ẹ̀wà sílẹ̀ ní Sátidé, kí o sì máa rìn kánmọ́kánmọ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́jọ́ márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀, kódà bí ó bá ti rẹ̀ ọ́ láti wọ́ọ̀dù.

Kí Jímọ̀ tó pé, ní kí wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ, kí o sì fi iye tí wọ́n bá rí ránṣẹ́ sí mi. Bàbá rẹ ti fi ẹ̀wà àti gàrí rán awakọ̀ sí ọ; pe awakọ̀ náà kí o tó jáde ní kíláàsì.

Èmi ni ìyá rẹ.