Bàbá ní n ò gbọdọ̀ sọ fún ẹ

Bísí ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé òtútù Kánádà ò tíì gbé ẹ mì? Àárò ẹ ń sọ mí. Bàbá ní n ò gbọdọ̀ sọ fún ẹ, ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyí. Fọkàn balẹ̀, wọ́n ti kúrò lọ́sibítù, wọ́n ti padà sílé ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, wọ́n sì ti ń bá Màmá jà lórí iyọ̀.

Ìfun wọn ló lọ́. Kì í ṣe àsàsí táwọn ará ilé yín ń pariwo. Apá ìsàlẹ̀ ìfun ńlá, lọ́wọ́ òsì, lè gùn jù. Bí èèyàn kì í bá rí ìgbẹ́ yà dáadáa fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìfun náà á kún, á wúwo, á wá yí po lórí ohun tó so ó mọ́ ẹ̀yìn, bí okùn korobá inú kànga. Ìgbẹ́ ò ní kọjá, ìsó ò ní jáde, ikùn á le bí ìlù. Ibẹ̀ náà ni iṣan ẹ̀jẹ̀ gbà wọlé, yíyí yẹn ló sì ń fún un pa. Láàárín wákàtí mélòó kan, ìfun lè kú, kó bẹ́ sínú ikùn. Bí inú rírun tó ń wá tó ń lọ bá di èyí tí ò dáwọ́ dúró mọ́, ewu ti dé.

Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ni wọ́n kọ́kọ́ fún Bàbá! Bí ẹni ń da omi sí gọ́tà tó ti dí.

Lọ́sibítù, wọn ò jẹ́ kí Bàbá fẹnu kan nǹkan kan. Wọ́n fa omi sí wọn lára, wọ́n ki rọ́bà gba imú, wọ́n sì ki òmíràn gba ìdí. Bísí, ìsó tó jáde! Má rẹ́rìn-ín. Ó dáa, rẹ́rìn-ín.

Àmọ́ rọ́bà ìdí kàn tú ìfun tó lọ́ ni, kò dín gígùn ìfun kù. Ó sábà máa ń padà lọ́. Dọ́kítà fẹ́ gé ibi tó gùn jù, kó so ojú méjèèjì pọ̀ nígbà tí ìfun ṣì yè. Tó bá ti kú kí wọ́n tó ṣe é, ó lè di pé kí wọ́n yọ ẹnu ìfun síta ikùn, kí Bàbá máa yàgbẹ́ sínú ọ̀rá. Bàbá ní àwọn ò ṣe, ẹni tó bá ti só ti sàn.

Ìyàwó Múfú bí ọkùnrin. Gáàrì tún gbówó lórí.

Jọ̀ọ́, pè wọ́n lọ́jọ́ Àìkú. Ìwọ nìkan ni wọ́n ń gbọ́ tiẹ̀. Ní kí wọ́n mú ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Sọ fún Màmá náà: bí ikùn bá tún wú, tí Bàbá ò sì lè só, kó má ro àgbo rárá, ọsibítù ni, ì báà jẹ́ òru.

Má dárúkọ mi o. Sọ pé àlá lo lá.

Ọ̀rẹ́ ẹ,
Fọlákẹ́
Òṣogbo