Èló ló yẹ ká fi ra inṣọ́ránsì ọkọ̀?

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Láti ìgbà táwọn ọlọ́pàá ti kéde pé láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejì 2025 làwọn yóò máa yẹ ìwé third party (inṣọ́ránsì tó ń sanwó fún ẹlòmíì tí ọkọ̀ yín bá ṣe léṣe tàbí tó ba dúkìá rẹ̀ jẹ́) wò lójú pópó, ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ́tò ń béèrè kò ju ibi tí wọ́n ti lè rí i rà kíákíá lọ. Ọlọ́pàá ni wọ́n ń ra ìwé náà fún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè kí n sọ̀rọ̀ lórí ìbéèrè tí wọ́n fi sílẹ̀: bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ lónìí, gbèsè wo ni àpò mi ò ní lè gbé? Èyí ló yẹ kéèyàn ra inṣọ́ránsì fún. Èyí tí àpò lè gbé, kí àpò gbé e.

Ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2023 ni NAICOM, àjọ ìjọba tó ń bójú tó inṣọ́ránsì, sọ owó third party fún ọkọ̀ aládàáni di ₦15,000 lọ́dún. ₦5,000 ni tẹ́lẹ̀. Nítorí ẹ̀kúnwó yìí, iye tí ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì lè san lórí dúkìá ẹlòmíì tí ẹ bà jẹ́ kúrò ní ₦1 mílíọ̀nù, ó di ₦3 mílíọ̀nù. Ti kẹ̀kẹ́ Márúwá jẹ́ ₦5,000 lọ́dún, ti ọ̀kadà ₦3,000, ti ọkọ̀ akẹ́rù ńlá tó ń fi ẹrù pawó ₦100,000. Bó bá jẹ́ èèyàn ló fara pa tàbí ló kú, ìwé wọn kì í sábà fi gbèdéke sí i. Lórí dúkìá ni gbèdéke wà. Ọkọ̀ tiyín ńkọ́? Third party kò ní í san kọ́bọ̀ lé e lórí, bó ti wù kó rún tó.

Ẹ wá jẹ́ ká wo ₦3 mílíọ̀nù yẹn dáadáa. Ká ní bíréékì já lórí Third Mainland Bridge, ẹ sì lọ kọlu ìdí jíìpù tuntun kan. Bọ́ńpà ẹ̀yìn, ilẹ̀kùn bọ́ọ̀tù, iná ẹ̀yìn méjèèjì, kámẹ́rà àti sẹ́ńsọ̀ tó wà nínú bọ́ńpà, ọ̀dà: ẹni tó ni ín kò ní í gbé e lọ sí Ládípọ̀, ilé-iṣẹ́ tó ta ọkọ̀ náà fún un ni yóò ti gba ìwé iye owó wá. Bí jíìpù náà bá tún ti ara rẹ̀ lu ọkọ̀ tó wà níwájú, ẹni méjì ló ń bẹ lọ́rùn yín, ṣùgbọ́n ₦3 mílíọ̀nù kan ṣoṣo náà ni fún gbogbo jàǹbá yẹn. Bí àpapọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ ₦7 mílíọ̀nù, ₦4 mílíọ̀nù di tiyín, wọ́n sì lè gbé yín lọ sílé ẹjọ́ lórí ẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n tó máa ro ti ìfàya ara ọkọ̀ tiwọn, kí wọ́n kọ́kọ́ ní kí ilé-iṣẹ́ bá wọn gbé gbèdéke dúkìá yìí sókè, kó di ₦5 mílíọ̀nù tàbí ₦10 mílíọ̀nù. Ẹ̀kúnwó tí wọ́n ń gbà lé e kì í sábà sún mọ́ owó comprehensive (inṣọ́ránsì tó ń gbé third party àti ọkọ̀ tiyín pọ̀) rárá. Àmọ́ kí wọ́n kọ iye náà sínú ìwé gan-an, níbi tí wọ́n kọ TPPD (third party property damage, ìyẹn dúkìá ẹlòmíì tí ẹ bà jẹ́) sí. Ọ̀rọ̀ ẹnu ajẹ́ńtì kò ka nǹkan kan lọ́jọ́ tí wàhálà bá dé.

Ó wá kan comprehensive. Òfin NAICOM ti 2023 yẹn kan náà ló sọ pé owó rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín sí 5 nínú 100 iye ọkọ̀, lẹ́yìn gbogbo ẹ̀dínwó. Ọkọ̀ ₦2.5 mílíọ̀nù yóò san ₦125,000. Ẹ yọ ₦15,000 tí ẹ ò bá ti san fún third party tẹ́lẹ̀, ₦110,000 ló kù tí ẹ fi ń dáàbò bo ọkọ̀ yín lọ́dọọdún. Ní 5 nínú 100, ogún ọdún lowó náà yóò fi pé iye odidi ọkọ̀. Fún Corolla tó ti gbó, tí olówó rẹ̀ lè rọra tu òmíràn jọ, mi ò rí èrè kankan níbẹ̀. Fún ọkọ̀ ₦25 mílíọ̀nù tí ẹ fi ẹ̀yáwó rà, kò sí àríyànjiyàn, ẹ ra comprehensive, báńkì gan-an kò ní í gbà kí ẹ máa wà á láìní i. Ẹni tó wà láàárín méjèèjì, kó bi ara rẹ̀ bóyá ó lè ra òmíràn láàárín oṣù mẹ́fà láìta ilẹ̀, bí wọ́n bá jí eléyìí gbé lálẹ́ òní. Bí ẹ̀rù olè àti iná nìkan bá ń bà yín, ẹ béèrè third party, fire and theft. Kì í san ti ìkọlù, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kéré sí comprehensive.

Ibi tí mo ti ń rí àṣìṣe jù ni iye tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ fún ọkọ̀. Láti oṣù Kẹfà 2023 tí náírà ti já wálẹ̀, owó tòkunbọ̀ fò sókè, síbẹ̀ àwọn kan ṣì ń fi iye ọdún 2021 sọ inṣọ́ránsì dọ̀tun. Bí ọkọ̀ yín bá tó ₦8 mílíọ̀nù lọ́jà, tí ẹ kọ ₦4 mílíọ̀nù, ₦4 mílíọ̀nù lẹ máa gbà bí wọ́n bá jí i. Bí gbólóhùn tí wọ́n ń pè ní average bá tún wà nínú ìwé yín, àtúnṣe ₦1 mílíọ̀nù yóò di ₦500,000, torí ìdajì iye ọkọ̀ lẹ sanwó lé lórí. Ẹni tó kọ ₦12 mílíọ̀nù fún ọkọ̀ yẹn kan náà kò gbọ́n jù: ₦600,000 ló san dípò ₦400,000, iye ọjà náà ni wọ́n sì máa fún un. Ẹ wo iye tí irú ọkọ̀ náà, ọdún kan náà, ń lọ lórí Jiji, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ọkọ̀ ní Berger, kí ẹ mú àárín. Ẹ má fi iye tòkunbọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé kọ ọkọ̀ tó ti ń rìn ní Nàìjíríà fún ọdún mẹ́rin.

Excess náà wà, ìyẹn apá tí ẹ̀yin fúnra yín máa kọ́kọ́ gbé. Bó bá jẹ́ 10 nínú 100 àdánù tàbí ₦50,000, èyí tó bá pọ̀ jù, bọ́ńpà ₦70,000 kò ní í mú ju ₦20,000 wá fún yín. Àwọn kan máa ń gba excess ńlá kí owó ọdún lè wálẹ̀. Ẹni tó ti wà ní 5 nínú 100 tẹ́lẹ̀ kò lè rí ẹ̀dínwó kankan mọ́, òfin ti tì í pa. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi ọ̀rọ̀ ná wọn lórí nǹkan mìíràn: kí wọ́n fi omíyalé kún un, kí wọ́n fi rògbòdìyàn àti ìfẹ̀hónúhàn kún un. Ìwọ̀nyí kì í sábà wà nínú comprehensive fúnra rẹ̀. Nígbà EndSARS ní oṣù Kẹwàá 2020, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló jóná. Ibi tí olúkúlùkù ti mọ ohun tó rà nìyẹn.

Ẹni tó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ ṣe Bolt tàbí Uber, kó sọ ọ́ nígbà tó ń ra inṣọ́ránsì. Ìwé aládàáni kì í gbé ọkọ̀ tó ń gba owó lọ́wọ́ èrò. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ẹ má ṣèlérí owó fún ẹnikẹ́ni láàárín títì, nítorí ọ̀pọ̀ ìwé ló kà á léèwọ̀, wọ́n sì lè torí ẹ̀ kọ̀ láti sanwó. Ẹ ya fọ́tò, ẹ gba nọ́ńbà inṣọ́ránsì ẹnìkejì, ẹ gba ìwé ọlọ́pàá, kí páńẹ́lì bítà má sì fọwọ́ kan ọkọ̀ títí ilé-iṣẹ́ yóò fi wá wò ó. Ẹni tí wọ́n bá ta third party ọkọ̀ aládàáni fún ní ₦5,000 lóde òní, ayédèrú ni wọ́n tà fún un. Ẹ fi nọ́ńbà ọkọ̀ yín yẹ̀ ẹ́ wò lórí askniid.org lọ́jọ́ tí ẹ bá rà á gan-an.

Bí ẹ bá ń wakọ̀ gba Sẹ̀mẹ̀ lọ sí Kútọnu tàbí Lọmé, ẹ gba Brown Card ti ECOWAS, káàdì inṣọ́ránsì tí wọ́n ń lò kọjá ẹnubodè, lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ yín kí ẹ tó kúrò nílé. Third party nìkan ni káàdì yẹn ń gbé. Bí ẹ bá fẹ́ kí comprehensive bá ọkọ̀ tiyín kọjá ẹnubodè, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé lọ́tọ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Alágbàtà inṣọ́ránsì kan,
Ìbàdàn.