Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ ẹni ṣe fún orúnkún: ẹ béèrè irú èyí tó jẹ́

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láàyè láti sọ̀rọ̀ lórí abẹ́rẹ́ kan tí àwọn àgbàlagbà wa tó ń gbé ní Kubwa, Nyanya àti Gwagwalada ní Àbújá níhìn-ín ń bi ara wọn léèrè nípa rẹ̀ lẹ́yìn ìpàdé ẹgbẹ́, èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ aláìsàn fúnra rẹ̀ ṣe, tí wọ́n sì ń gún padà sínú orúnkún tó ń ro ó.

Ìmọ̀ tó wà nídìí rẹ̀ kì í ṣe irọ́. Pùròtéènì kan tó ń jẹ́ interleukin-1 wà lára ohun tó ń mú kí oríkèé wú, tó sì ń jẹ ohun rírọ̀ tó bo orí eegun. Sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ wa a sì máa ṣe pùròtéènì mìíràn tó ń lọ gba àyè tí interleukin-1 ìbá dúró sí, bí ẹni tó ti jókòó sórí àga kí oníjàngbọ̀n tó wọlé. Ní Düsseldorf, lórílẹ̀-èdè Jámánì, dókítà kan tó ń jẹ́ Peter Wehling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò tó ní ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì wẹ́wẹ́ fún wákàtí mélòó kan ní ìwọ̀n ooru ara, ìyẹn 37°C, kí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà lè tú pùròtéènì yìí jáde, kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ yí i biribiri, kí wọ́n sì fa omi rẹ̀ lò. Olóògbé Kobe Bryant tó gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ gbà á ní 2011, láti ìgbà náà ni òkìkí rẹ̀ sì ti kàn.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé orúkọ abẹ́rẹ́ ti Jámánì yìí ni àwọn kan fi ń polówó PRP, abẹ́rẹ́ ẹ̀jẹ̀ mìíràn tí wọ́n kàn ń yí lẹ́rọ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ láti kó àwọn wóró tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì jọ. Ní Australia, àwọn oníwádìí gún PRP fún apá kan nínú ènìyàn 288 tí orúnkún ń dùn, wọ́n sì gún omi iyọ̀ lásán fún apá kejì. Nínú àbájáde tí wọ́n gbé jáde ní 2021, ara tu ìhà méjèèjì, ìrora wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra lẹ́yìn ọdún kan. Nítorí náà, ẹni tó ń jẹ́rìí pé òun ti ń rìn dáadáa kò purọ́ rárá, àmọ́ ẹ̀rí rẹ̀ kò tó láti fi ta oògùn.

Ẹnu iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni mo ti fẹ̀yìn tì, ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ìgò fi ká mi lára. Bí ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn bá wà nínú ẹ̀rọ kan náà fún wákàtí púpọ̀, tí orúkọ wá ṣì lára ìgò, àrùn mẹ́dọ̀wú tàbí kòkòrò HIV lè gba ibẹ̀ wọ ara ẹlòmíràn. Mo ń fẹ́ kí NAFDAC àti MDCN, ìyẹn àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ àwọn dókítà, pàṣẹ pé kí dókítà kọ irú abẹ́rẹ́ náà, bí wọ́n ṣe ṣe é àti orúkọ ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀ sórí ìwé, kí aláìsàn sì kà á kó tó sanwó.

Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì,
Kubwa, Àbújá.