Àbẹ̀kẹ́, bá mi pa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ ná

Dallas, Texas
Ọjọ́ Àìkú, ìdájí

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ Màmá ńkọ́? Mo gbọ́ gbogbo ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. N kò fèsì nítorí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí kì í ṣe ti orí fóònù. Bàbá Káyọ̀dé a máa gbé fóònù mi wo aago, wọ́n á sì pẹ́ kí wọ́n tó rí aago náà. Bí mo ṣe ti iṣẹ́ alẹ́ dé báyìí, kíṣìnì ni mo jókòó sí, mò ń kọ lẹ́tà bí ọmọ fọ́ọ̀mù tú.

Káyọ̀dé kò múra ìdánwò ìṣègùn kankan. Ó tán, mo ti sọ ọ́. Gbogbo ìgbà tó ń sọ fún bàbá rẹ̀ pé láíbìrì ni òun wà, orí pápá ilé ẹ̀kọ́ girama kan níbí ló wà, fèrè lọ́rùn, tó ń kọ́ àwọn ọmọkùnrin ní bọ́ọ̀lù àwọn ará ibí, èyí tó rí bí ẹyin, tí wọ́n ń há sí abíyá sáré bí ẹni jí adìyẹ gbé. Igbákejì igbákejì kóòṣì ni. Akọ́nimọ̀ọ́gbá, bí àwọn oníròyìn yín ṣe ń pè é. Bí ẹ̀rín bá ń pa ọ́, rín in. Èmi náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kí n tó sunkún.

Láti oṣù kẹjọ ni mo ti mọ̀, mo sì panu mọ́. O ṣáà mọ bí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ṣe rí létí bàbá Káyọ̀dé láti ọjọ́ Ìjẹ̀bú-Igbó.

Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ó ní, "Mọ́mì, ẹ bá mi dé ibì kan." Wákàtí bíi mẹ́rin la fi wakọ̀ dé Grambling ní Louisiana, ìlú kékeré láàárín igi páìnì. Wọ́n kọ́ ilé ìrántí kan síbẹ̀ fún kóòṣì kan tó ń jẹ́ Eddie Robinson, ènìyàn dúdú bíi tiwa. Ilé ìlọúnjẹ ẹran ọ̀sìn ní Baton Rouge ló ti ń ṣiṣẹ́, sẹ́ǹtì 25 ní wákàtí kan, kí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn aláwọ̀ dúdú tó wà ní Grambling tó gbà á ní 1941. Ọmọ ọdún 22 ni nígbà náà. Dọ́là 63 àti sẹ́ǹtì 75 lowó oṣù rẹ̀. Òun ló ń gé koríko pápá, òun ló ń di ẹsẹ̀ àwọn ọmọ tó fara pa, òun náà ló tún ń kọ ìròyìn ìdíje ránṣẹ́ sí àwọn oníwèé ìròyìn. Ọdún àkọ́kọ́, ó borí nínú ìdíje mẹ́ta, wọ́n nà án ní márùn-ún. Ọdún kejì, ìdíje mẹ́sàn-án ló gbá, ó borí nínú gbogbo rẹ̀, kò sì sí ẹgbẹ́ kan tó rí àmì ẹyọ kan gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti òwú. Bàbá kan pe ọmọ rẹ̀ méjì kúrò nínú ẹgbẹ́ pé kí wọ́n wálé wá já òwú. Robinson kò bá bàbá náà jà, kò tilẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó kó gbogbo àwọn ọmọ agbábọ́ọ̀lù lọ sóko, wọ́n já òwú náà tán, ló bá kó àwọn ọmọ rẹ̀ padà sórí pápá. Àbẹ̀kẹ́, ṣebí ọ̀wẹ̀ nìyẹn! Ọ̀wẹ̀ tí bàbá mi máa ń bẹ̀ ní Ìmẹ̀kọ gan-an. Agogo tí wọ́n ń so mọ́ màlúù lọ́rùn ló sì fi ń jí wọn láàárọ̀ kí wọ́n má baà pẹ́ dé kíláàsì. Mo rántí Míísì wa, ara mi bù máṣọ.

Káyọ̀dé ò yéé ṣàlàyé. 408 ni iye ìgbà tí Robinson borí kó tó fẹ̀yìn tì ní 1997. Àwọn ọmọ rẹ̀ tó ju 200 lọ ló di agbábọ́ọ̀lù olówó oṣù. Ọ̀kan nínú wọn, Doug Williams, gba ife ńlá ilẹ̀ yìí, Super Bowl, ní 1988, ìgbà àkọ́kọ́ tí ènìyàn dúdú máa darí ẹgbẹ́ láti ipò ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù nínú ìdíje àṣekágbá náà. Ó ń sọ ọ́, ó ń fọwọ́ tọ́ gíláàsì. Mo wo èékánná rẹ̀: funfun báláú, ẹfun tí wọ́n fi ń fa ìlà pápá. Òun ni wọ́n ń rán fa ìlà.

Níbẹ̀ ni àyà mi ti já. Ọdún mẹ́ta tí Robinson lò kẹ́yìn lẹ́nu iṣẹ́, nínà ni wọ́n ń na ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn kan sì ní kó máa lọ. Lẹ́yìn náà ni àìsàn ìgbàgbé dé. Ó kú ní 2007, ní ọmọ ọdún 88. Doris, ìyàwó tó fẹ́ ní 1941, ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibì kan ṣoṣo ló ti ṣiṣẹ́ láti 1941 dé 1997. Kóòṣì wo ló tún ń rí bẹ́ẹ̀? Níbí, bí wọ́n bá ń na ẹgbẹ́ rẹ fún ọdún méjì, wọ́n á ti kó ẹrù rẹ síta. Ọmọ mi á wá máa ti ìlú kan bọ́ sí ìkejì, bí ẹni gbé àdó ká.

Rónkẹ́ bí ìbejì, obìnrin méjèèjì. Eékún mi ti sàn díẹ̀. Iṣu kan ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa ti di ohun à ń gbàdúrà sí kí a tó rà á.

Ó dáa, ohun tí mo ń lọ́ tìkọ̀ sọ. Bàbá Káyọ̀dé ń bọ̀ ní Abẹ́òkúta ní Dìsẹ́ńbà fún ìrántí bàbá wọn. Ẹnì kan ṣoṣo tí wọ́n ń gbọ́ràn sí lẹ́nu ni Bọ̀dá Sẹ́gun yín. Bá mi bẹ Bọ̀dá kí wọ́n bá mi gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀, lẹ́yìn oúnjẹ o, kì í ṣe ṣáájú. Ìtàn òwú yẹn ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Jọ̀ọ́, kí Bọ̀dá má jẹ́ kó hàn pé èmi ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ṣì fẹ́ máa gbé ilé yìí.

Kí Màmá fún mi.

Èmi ni tìrẹ,
Àdùnní

Mo fi fọ́tò Káyọ̀dé sínú àpò lẹ́tà, èyí tí mo yà níbi tó dúró létí pápá. Wo bó ṣe fọwọ́ lé ìbàdí, tó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. O rí ẹni tó jọ, àbí o ò rí i?